Ẹ̀bẹ̀ sí Ìjọba Lórí Ẹ̀kọ́ Systems Engineering ní Lọ́kọ́ja

Sí Gómìnà Ìpínlẹ̀ Kogi, Alhaji Ahmed Usman Ododo. Sí àwọn ọmọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin wa. Àti sí Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ ní Àbújá.

 Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà la gbé wá síwájú yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ wa.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede tó jẹ́ ọ̀gá àgbà JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò ìwọlé yunifásítì, sunkún níwájú àwọn oníròyìn. Àwọn ọmọ 379,997 tó ṣèdánwò ní ibùdó 157, ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ìgbò, ni èsì wọn ti dàrú. Wọ́n ti ṣàtúnṣe sí sọ́fíwià tí wọ́n fi ń gba ìdáhùn àwọn ọmọ. Níbi tí àtúnṣe náà dé, èsì lọ geerege. Àmọ́ kò dé orí àwọn sáfà tó ń bójú tó Èkó àti ilẹ̀ Ìgbò, kò sì sẹ́ni tó rí i títí èsì fi jáde. Ó yẹ ká yin JAMB pé wọ́n jẹ́wọ́, wọ́n sì tún ìdánwò ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ wo iye òbí tí kò rí oorun sùn láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn.

Irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní systems engineering wà láti dènà. Ẹ fi ilé kíkọ́ wò ó: bíríkìlà wà tó mọ búlọ́ọ̀kù tò, káfíńtà wà tó mọ òrùlé kàn, oníná náà wà; síbẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ mú àwòrán ilé lọ́wọ́ kí ilé tó lè dúró. Akẹ́kọ̀ọ́ systems engineering á kọ́ láti kọ́kọ́ bi àwọn tó máa lo nǹkan pé kí ni wọ́n fẹ́ kó ṣe. Á kọ ọ́ sílẹ̀, á sàmì síbi tí ẹ̀yà kan ti pàdé èkejì, á dán ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan wò, lẹ́yìn náà á dán gbogbo rẹ̀ wò lápapọ̀. Àtúnṣe tí wọ́n bá ṣe, á mọ ẹni tó ṣe é àti ibi tó dé. Àwọn ará Yúróòpù náà ti jìyà ọ̀rọ̀ yìí rí. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 1996, rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane 5 tú ká lójú ọ̀run kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Sọ́fíwià tó ṣiṣẹ́ dáadáa lórí Ariane 4 ni wọ́n gbé sínú rẹ̀, wọn kò sì dán an wò pẹ̀lú eré tí rọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun náà máa sá.

Àwọn ọmọ wa ń kọ́ Computer Science ní Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ Lọ́kọ́ja àti ní Pólì Ìpínlẹ̀ Kogi. Ètò 3MTT tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2023 láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà náà ti la ojú ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́, a sì dúpẹ́. Wọ́n mọ kóòdù kọ. Ìmọ̀ tí yóò so gbogbo iṣẹ́ náà pọ̀ ló kù, ọmọ tó bá sì fẹ́ ẹ tòótọ́, Akọka ní Yunifásítì Èkó ni a máa ń tọ́ka sí fún un. Mélòó nínú wa ló lè sanwó ilé gbígbé l'Ékòó?

Ẹ̀yin àgbà wa, tí ìlú kan bá wà ní Nàìjíríà tí ẹ̀kọ́ yìí yẹ, Lọ́kọ́ja ni. Ibí ni Odò Ọya ti pàdé Bẹ́núé. Tí wọ́n bá ṣí omi dáàmù Lagdo sílẹ̀ ní Kamẹrúùnù, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀. A rí i ní 2012, a tún rí i ní 2022 nígbà tí omi gba àdúgbò Adankolo, Gadumo àti Ganaja, tó sì gé ọ̀nà Àbújá mọ́ wa lọ́wọ́ ní ìhà Koton Karfe. Àwọn àjọ tó ń wo ojú ọjọ́ àti omi ti kìlọ̀ kí omi ọdún 2022 yẹn tó dé. Ìkìlọ̀ wà, ṣùgbọ́n báwo ló ṣe máa dé etí ẹni tó ń gbé létí odò?

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé ìkìlọ̀ kan ṣoṣo. Òṣìṣẹ́ kan ka òpó tí wọ́n fi ń wọn omi ní òwúrọ̀. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá kọ̀, níbo ni nọ́ńbà náà máa dúró sí? Tó bá dé ọ́fíìsì, sọ́fíwià gbọ́dọ̀ mọ bí omi ṣe máa ga tó kó tó wọ àdúgbò Kabawa, àti bó ṣe máa ga tó kó tó wọ Ganaja. Lẹ́yìn náà, ta ló máa gbọ́? Apẹja tí fóònù rẹ̀ kékeré kò lè ṣí WhatsApp nílò ìpè tó ń sọ̀rọ̀, ní èdè Nupe, Haúsá, Ígálà, Ẹbira tàbí Ọ̀wọ́rọ̀. Tí kò bá sí iná fún ọjọ́ méjì, tí fóònù náà ti kú, ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì ló kù. Àwọn náà jẹ́ ara ètò yìí, nọ́ńbà ẹni tó ń mójú tó wọn sì yẹ kó wà nínú sọ́fíwià náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ronú dé ibí yìí ti ń ṣe systems engineering.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sórí omi nìkan. Owó ìfẹ̀yìntì àwọn àgbà wa náà ti wà lórí kọ̀ǹpútà. Tí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yàtọ̀ nínú orúkọ láàárín ìwé ìjọba àti ìwé báńkì, owó á há, bàbá arúgbó á sì máa ti Kàbbà wá sí Lọ́kọ́ja láti wá bẹ̀bẹ̀.

Ohun tí a ń bẹ̀ fún kò ṣòro fún yín. Àjọ NUC tó ń bójú tó àwọn yunifásítì ti là á sílẹ̀ pé ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀kọ́ yunifásítì jẹ́ ti gbogbo orílẹ̀-èdè, kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan fi ìdá 30 tó kù bójú tó ohun tí ìlú rẹ̀ nílò. Mínísítà wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá àwọn aláṣẹ yunifásítì wa sọ̀rọ̀ kí systems engineering wà nínú ìdá 30 yẹn. Gómìnà wa, ẹ jẹ́ kí Pólì wa àti yunifásítì yín ní Osara bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà, kí ẹ sì ṣí kíláàsì ìrọ̀lẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń lo kọ̀ǹpútà lójoojúmọ́. Ẹ ṣílẹ̀kùn àjọ ìrìnnà ojú omi, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà láàárín wa níbí, àti ti ọ́fíìsì pàjáwìrì ìpínlẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn, kí iṣẹ́ àṣekágbá wọn lè jẹ́ iṣẹ́ gidi. Ẹ̀yin aṣòfin wa, ẹ ṣe é lófin pé ọ́fíìsì ìjọba kankan kò gbọdọ̀ sanwó sọ́fíwià láìjẹ́ pé ó ti kọ ohun tó fẹ́ kó ṣe sílẹ̀, tí wọ́n sì ti dán an wò lójú gbogbo ènìyàn.

A mọ̀ pé owó kò pọ̀. Ẹ fi yàrá ẹ̀kọ́ kan bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú iná sólà, íntánẹ́ẹ̀tì tó dúró déédéé àti olùkọ́ tí owó oṣù rẹ̀ kì í pẹ́. Ètò ìṣúná ọdún tó ń bọ̀ máa dé iwájú yín láìpẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ wá àyè fún yàrá yìí nínú rẹ̀.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,
Àwọn òbí àti olùkọ́ kan ní Lọ́kọ́ja