Katakata Ìjọba àti Àáró Àwọn Baba

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà, ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Kò sí ẹni tí òwe yìí bá mu bí àgbẹ̀ tí ó ń fi ọkọ́ àti àdá ro oko éékà mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ́dọọdún. Òun ni ó ń bọ́ ìlú, òun náà sì ni ẹ̀yìn rẹ̀ ń tẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìjọba ni ó ti ṣe ìlérí pé àwọn yóò gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọn yóò sì fi katakata rọ́pò. Owó ìrànwọ́ sì ti jáde nínú àpò ìjọba nítorí rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ọkọ́ bá ṣì wà lọ́wọ́ àgbẹ̀ títí di òní, ọ̀nà tí owó náà ń gbà ni ó yẹ kí àwọn ọlọ́gbọ́n yẹ̀ wò. Bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, wọn yóò rí i pé àṣà àáró, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó ti kú, ní ìlànà kan nínú tí ìjọba kò tíì ní.

Ìtàn ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 1959 sí 1960 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í dá abúlé àgbẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tí ó jáde ilé-ìwé, irú èyí tí ó wà ní Ìlọrà, tí wọ́n sì wo àpẹẹrẹ rẹ̀ láti ilẹ̀ Ísírẹ́lì. Èrò rere ni, ṣùgbọ́n owó tí ìjọba ń ná lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan pọ̀ jù, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ náà ni ó sì fi oko sílẹ̀ gba ìlú ńlá lọ. Ní ọdún 1976, ìjọba Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé ètò Operation Feed the Nation kalẹ̀. Ní ọdún 1977 ni òfin tí ìjọba fi ń ṣe onígbọ̀wọ́ fún ẹ̀yáwó àgbẹ̀ ní báńkì jáde. Ààrẹ Ṣéhù Ṣàgàrí gbé Green Revolution dé ní ọdún 1980, ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida sì dá àjọ DFRRI sílẹ̀ ní ọdún 1986 fún ìdàgbàsókè ìgbèríko. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ṣí ètò tí ó kó katakata 2,000 wọlé láti orílẹ̀-èdè Belarus. Orúkọ ètò ń yí padà, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣì dúró sójú kan: ta ni yóò wa katakata náà dé oko àgbẹ̀ tí ó ní éékà mẹ́rin?

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí a bá pín iye owó katakata sí ọ̀nà mẹ́wàá, tí ìjọba sì san márùn-ún níbẹ̀, márùn-ún tí ó kù ṣì ju agbára àgbẹ̀ kékeré lọ. Ẹni tí ó lè mú un jáde lẹ́ẹ̀kan náà ni oníṣòwò ńlá, ọ̀gá òṣìṣẹ́ tí ó fẹ̀yìn tì, tàbí olóṣèlú. Owó tí a yọ láti inú àpò gbogbo ènìyàn nítorí tálákà á wá di ẹ̀dínwó fún olówó. Bí a bá tilẹ̀ fi katakata ta àgbẹ̀ kékeré lọ́rẹ, oko éékà mẹ́rin kò ju iṣẹ́ ọjọ́ kan tàbí méjì lọ fún un. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ yóò dúró sí abẹ́ igi, òjò yóò máa pa á, yóò sì dípẹtà. Èyí tí ó burú jù ni kí ó jẹ́ pé ẹ̀yáwó ni ó fi rà á. Láyé àtijọ́, iṣẹ́ ọwọ́ ìwọ̀fà ni èlé lórí owó tí ó yá. Bí ó ti wù kí ó ṣiṣẹ́ tó, ojú owó kò dín. Àgbẹ̀ tí ó bá jẹ gbèsè katakata tí oko rẹ̀ kò tó bọ́ ti di ìwọ̀fà ẹ̀rọ nìyẹn.

Ẹ̀kọ́ kan wà ní ìta gbangba tí gbogbo ènìyàn ń rí. Kò sí abúlé tí olúkúlùkù ìyàwó ilé ti ń ra ẹ̀rọ ìlọta tirẹ̀. Ẹnì kan ni yóò ra ẹ̀rọ, gbogbo àdúgbò yóò gbé ata lọ síbẹ̀, wọn yóò sì san owó iye tí wọ́n lọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn obìnrin tí ń ṣe gààrí ń ṣe: wọn a gbé ẹ̀gẹ́ lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ní ẹ̀rọ ìrinpákí, wọn a sanwó, wọn a sì gbé e lọ fún lábẹ́ òkúta tàbí lábẹ́ irin. Ẹ̀rọ náà kì í sinmi, nítorí náà ó ń bọ́ ẹni tí ó ni ín. Kò sì sí ẹni tí ó ní láti jẹ gbèsè kí ó tó lọ ata. Lílò ẹ̀rọ ni àgbẹ̀ kékeré nílò. Níní in kò pọn dandan.

Ibí yìí ni àáró ti wọlé. Àwọn ọmọ ilé-ìwé òde òní a máa pe àáró àti ọ̀wẹ̀ ní ohun kan náà, ṣùgbọ́n wọ́n yàtọ̀. Ẹni tí iṣẹ́ ńlá bá já lé lórí ni ó ń bẹ ọ̀wẹ̀: ó lè fẹ́ kọ́ ilé, ó lè fẹ́ ṣán igbó, ó sì lè jẹ́ oko àna rẹ̀ ni ó fẹ́ ro. Yóò pe ẹbí, ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò, yóò sì fi oúnjẹ àti ẹmu ṣe wọ́n lálejò. Kò sí ẹni tí ń ka ọjọ́ sí ẹnìkejì lọ́rùn. Àáró ní tirẹ̀, àwọn tí agbára wọn dọ́gba ni wọ́n ń ṣe é. Wọ́n lè jẹ́ márùn-ún, wọ́n sì lè jẹ́ mẹ́wàá. Kí ọkọ́ ẹnikẹ́ni tó kan ilẹ̀, wọn yóò ti fi ẹnu kò lórí ẹni tí wọn yóò kọ́kọ́ ro oko rẹ̀, ẹni tí yóò tẹ̀lé e, àti ẹni tí yóò kẹ́yìn. Iye iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe lóko Lágbájá ni wọn yóò ṣe lóko Tàmẹ̀dù. Bí ara ẹnì kan kò bá yá, yóò fi ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀ rọ́pò, tàbí kí ó san ọjọ́ náà nígbà tí ara rẹ̀ bá le. Ẹni tí wọ́n bá ro oko rẹ̀ tán, tí ó wá fara pamọ́, kì í tún rí ẹni bá ṣe àáró ní ọdún mìíràn. Kò sí ọlọ́pàá níbẹ̀, kò sí adájọ́, síbẹ̀ òfin náà múlẹ̀, nítorí pé ìtìjú ni olùṣọ́ rẹ̀.

Ohun tí ó ń ba ètò katakata jẹ́ gan-an ni àìsí irú òfin bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin, ọ̀sẹ̀ kan náà ni gbogbo àgbẹ̀ ń wá ẹ̀rọ. Níbi tí a kò bá ti tò ó sílẹ̀, ẹni tí ó mọ ọ̀gá, tàbí ẹni tí ó lè bu owó sí awakọ̀ lọ́wọ́, ni katakata ń kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Kí ó tó kan àgbẹ̀ kékeré, ìgbà tí ó yẹ kí àgbàdo ti wọlẹ̀ ti kọjá. Ṣùgbọ́n bí àgbẹ̀ mẹ́wàá tí oko wọn fara kan ara bá para pọ̀, tí olúkúlùkù wọn ní éékà mẹ́rin, éékà 40 ni wọ́n jẹ́ lójú ẹni tí ó ni katakata. Yóò fẹ́ wá, nítorí kò ní jó epo dànù láti abúlé kan dé òmíràn. Wọn yóò ti mọ ẹni tí ó kàn, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ kì yóò sì rí ọ̀nà gbà wọlé.

Àwọn kan yóò ní ẹ̀rọ ni yóò pa àáró kú. Àáró ti ń kú kí katakata tó dé. Láti ọdún 1955 tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ni ọwọ́ àwọn ọmọ ti ń dín ní oko. Ìlú ńlá kó àwọn ọ̀dọ́ lọ, iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ ń bá ara wọn ṣe sì di ti alágbàṣe. Àwọn mìíràn yóò ní ẹ̀rọ yóò pa ààlà rẹ́, ìjà ilẹ̀ yóò sì bẹ́ sílẹ̀. Ìbẹ̀rù yìí kò ṣeé fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú, nítorí pé òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 kò mú kí ẹbí gbàgbé ilẹ̀ baba wọn. Ṣùgbọ́n pèrègún tí àwọn baba fi ń ṣe ààlà ṣì ń hù. Bí a bá gbìn ín sí igun oko kí ẹ̀rọ tó wọlé, tí àwọn àgbà sì dúró ṣe ẹlẹ́rìí, katakata kò ní gbé ilẹ̀ ẹnikẹ́ni lọ. Àwọn tí ó kù yóò sọ pé ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn kì í pẹ́ bàjẹ́. Òótọ́ ni èyí níbi tí ẹgbẹ́ bá ti ní ẹ̀rọ, tí kò sì ní àpò owó àtúnṣe. Èésú ni àwọn baba fi ń yanjú irú rẹ̀: bí olúkúlùkù bá ń dá owó díẹ̀ lẹ́yìn ìkórè, ọjọ́ tí irin bá dá kò ní bá wọn lójijì.

Iṣẹ́ wá kù sí ọwọ́ ìjọba. Kí ó san owó ìrànwọ́ lórí éékà tí a tú, kí ó má ṣe san án lórí ẹ̀rọ tí a rà. Kí ìwé ẹ̀tọ́ wà lọ́wọ́ àgbẹ̀, kí onílé-ẹ̀rọ sì gba ìyókù owó rẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ bá jẹ́rìí pé ilẹ̀ ti túlẹ̀. Èyí kì í ṣe àlá. Ní ọdún 2012 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí ó ń gba orí fóònù fi owó ìrànwọ́ ajílẹ̀ àti irúgbìn ránṣẹ́ sí àgbẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí ó tún ná owó lórí yíyọ kùkùté, nítorí pé kùkùté kan lè ba ohun ìtúlẹ̀ jẹ́ ní ìṣẹ́jú kan, kò sì sí onílé-ẹ̀rọ tí yóò fẹ́ padà sí irú oko bẹ́ẹ̀. Kí ó sì mọ̀ pé oko kan kò dà bí èkejì. Pápá Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí àti Kíṣí, gba katakata ńlá; igbó kòkó Oǹdó àti Ìjẹ̀ṣà kò gbà á, ẹ̀rọ kékeré tí a ń gbé kọ́ èjìká tàbí tí a ń fi ọwọ́ tì ni ó yẹ wọ́n. Kí ó má sì gbàgbé àwọn obìnrin, nítorí pé ìdajì iṣẹ́ oúnjẹ ń bẹ lẹ́yìn ìkórè, lọ́wọ́ wọn.

Ti àwọn àgbà ni láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ti ń to àáró, kí wọ́n sì dúró ti òdodo nígbà tí olówó bá fẹ́ fo ẹni tí ó kàn. Ti àwọn olùkọ́ ni láti jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé ọgbọ́n wà nínú àṣà tí wọ́n ń kọ sínú ìwé ìdánwò. Ọ̀dọ́ tí ó bá kọ́ bí a ti ń tún katakata ṣe, tí ó sì lè kọ orúkọ ẹgbẹ́ sínú ìwé láìyan ẹnikẹ́ni jẹ, yóò rí iṣẹ́ ṣe nílé baba rẹ̀. Ohun tí a bá jọ wò, gígún ní í gún. Ìjọba ní owó, àgbẹ̀ ní ilẹ̀, àwọn baba sì ti fi ìlànà sílẹ̀. Bí ìkan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá sí níbẹ̀, ọkọ́ ni àgbẹ̀ yóò máa gbé kọ́ èjìká lọ.