Ẹ Má Kó Owó Fèrèsé Lé Oníṣẹ́ Lọ́wọ́

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó ti ra ilé ní Sesto San Giovanni, ní Turin, ní Padua àti káàkiri àríwá Ítálì, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ọ̀pọ̀ ilé tó wà ní Sesto ti wà látayé ìgbà tí iléeṣẹ́ Falck àti Breda ṣì ń gba òṣìṣẹ́. Fèrèsé wọn ò dí dáadáa, ògiri wọn ń mu òtútù, owó gáàsì la sì fi ń jìyà rẹ̀.

Ìjọba ń dín owó orí kù fún ẹni tó bá tún irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe. Ecobonus ni wọ́n ń pè é, ó sì ti wà láti 2007. Lọ́dún 2025, ẹni tó ni ilé tó sì ń gbé inú rẹ̀ lè gba ìdajì ohun tó ná nígbà náà. Àwọn yòókù, títí kan ayálégbé, gba ìpín 36 nínú 100. Ọdún 10 ni wọ́n fi ń yọ ọ́ kúrò nínú IRPEF, ìyẹn owó orí yín. Ẹ ná 6,000 Yúróò sórí fèrèsé, bó bá jẹ́ ìdajì lẹ máa gbà, 300 ni lọ́dọọdún.

Ọ̀nà ìsanwó ló ń ba tiwa jẹ́. Oníṣẹ́ á ní kí ẹ kówó wá lọ́wọ́, òun á yọ IVA, owó orí ọjà, kúrò. Ẹ̀dínwó tòun nìyẹn. Tiyín ti lọ pátápátá. Ẹ gba fattura, ìwé owó iṣẹ́, kí ẹ sì ní kí báǹkì fi bonifico parlante san án, èyí tó ń gbé nọ́ńbà owó orí yín (codice fiscale) àti ti oníṣẹ́ (partita IVA). Kí 90 ọjọ́ tó pé lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ sí ENEA, àjọ ìjọba lórí agbára iná, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ìwé yìí ni CAF, ọ́fíìsì tó ń bá wa ṣe ìwé owó orí, máa béèrè nígbà tí ẹ bá ń kọ ìwé 730, ìwé owó orí ọdọọdún.

Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ dé CAF kí ẹ tó fọwọ́ síwèé. Bí IRPEF yín lọ́dún kan ò bá tó 300 yẹn, èyí tó ṣẹ́ kù ti wọgbó. Wọn kì í gbé e sí ọdún tó ń bọ̀.

Ẹni tó bá sì ń pariwo pé ọ̀fẹ́ ni, ẹ sá fún un. Superbonus, ètò ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2020 tó ń dá 110 padà lórí 100, ti kógbá sílé.

Bí condominio, ìyẹn gbogbo àwọn onílé inú ilé kan náà, bá pe ìpàdé lórí irú àtúnṣe yìí sí ògiri tàbí òrùlé, ẹ lọ. Ẹni tí kò lọ, wọn á dìbò lẹ́yìn rẹ̀, owó á sì kàn án. Ìwé ẹ̀rí ìpín tiyín nínú owó náà wà lọ́wọ́ amministratore, alábòójútó ilé: ẹ gbà á kí àsìkò 730 tó wọlé.