Afẹ́fẹ́ Tí Ń Ti Abẹ́ Ilẹ̀ Wọ Ilé Wa

Ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Nítorí náà ni ọkàn olúkúlùkù wa fi ń fà sí ilé kíkọ́, ìbáà ṣe ní Okota níhìn-ín, ìbáà sì ṣe ní ìlú baba rẹ̀. A ń wá ìwé ilẹ̀, a ń yan bíríkìlà tí ó mọ iṣẹ́, a sì ń béèrè bóyá omi a máa ya ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í béèrè: kí ni ó ń ti inú ilẹ̀ náà bọ̀ wá sínú yàrá tí àwa àti àwọn ọmọ wa ń sùn? Lórí èyí ni a fẹ́ kí ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú wa bá wa ronú ní oṣù yìí.

Afẹ́fẹ́ kan ni, tí à ń pè ní rádọ́ọ̀nù. Kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Yùréníọ̀mù tí ó wà díẹ̀díẹ̀ nínú àpáta àti erùpẹ̀ ni ó ń yí padà láti ipò dé ipò títí yóò fi di afẹ́fẹ́ yìí. Bí ó bá jáde sí gbangba, atẹ́gùn a gbé e lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá bá ilé tí a sé pa pàdé, a kó ara jọ síbẹ̀. Kí ọjọ́ mẹ́rin tó pé, ìdajì rẹ̀ a ti di ègé wínníwínní tí ń lẹ̀ mọ́ eruku. A ó mí wọn símú, ìtànṣán wọn a sì máa ba ẹ̀dọ̀fóró wa jẹ́.

Kì í ṣe àlọ́ ni a ń pa. Ní oṣù Disemba 1984, òṣìṣẹ́ kan ní ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì ní Limerick, ní Pennsylvania ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, mú kí agogo ìkìlọ̀ dún bí ó ti ń wọlé bọ̀ sí ibi iṣẹ́. Nígbà tí wọn wádìí, ilé ara rẹ̀ ni ó ti gbé e wá. Ní 1988, àjọ àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ ka rádọ́ọ̀nù mọ́ àwọn ohun tí ó dájú pé wọ́n ń fa àrùn náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2009 pé nínú 100 ènìyàn tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró mú, 3 títí dé 14 ni ó ti ọwọ́ rẹ̀ wá, gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè ti rí. Ewu rẹ̀ sì pọ̀ púpọ̀ fún amusìgá ju fún ẹni tí kò mu lọ. Àjọ náà dámọ̀ràn pé kí ó má ju 100 becquerel lọ nínú kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ kan; bí èyí kò bá ṣeé ṣe, kí ó má ṣe kọjá 300.

Níbo wá ni àwa dúró? Orí iyanrìn àti àbàtà ni Okota wà, kì í sì í ṣe irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó sábà máa ń ní yùréníọ̀mù púpọ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má kó ẹrù sá. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni kò ní ilé ní Abẹ́òkúta, ní Ìdànrè tàbí ní Ìkẹ́rẹ́, níbi tí òkúta gíránáìtì ti jẹ́ ìpìlẹ̀ ìlú? Irú òkúta bẹ́ẹ̀ ni a ń bẹ̀rù jù. A kò wí pé Òkè Olúmọ tí ó dáàbò bo àwọn Ẹ̀gbá ti wá di ọ̀tá wọn. Ohun tí a wí ni pé ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ilé méjì tí ó fara kan ara wọn. Ìwọ̀n nìkan ni ó lè mọ̀ ọ́n. Ife kékeré kan tí fíìmù wà nínú rẹ̀, tí a gbé sí yàrá fún oṣù mélòó kan, tó láti wọ̀n ọ́n.

Àwọn ohun kan wà tí a lè ṣe láìdúró de ẹnikẹ́ni. Nítorí ẹ̀fọn, olè àti ẹ̀rọ amúlétutù ni a ṣe ń ti fèrèsé pa láti alẹ́ di òwúrọ̀. Ẹ jẹ́ kí a ta nẹ́ẹ̀tì sí i, kí a fi irin dè é, kí a sì máa ṣí i. Ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ amúnáwá jìnnà sí ilé, nítorí èéfín rẹ̀ a máa pani kíákíá ju rádọ́ọ̀nù lọ. Ẹni tí ó ń kọ́lé tuntun, kí ó tẹ́ ọ̀rá nípọn tí kò ya sílẹ̀ kí wọn tó da jámánì flọ́ọ̀, kí ó sì dí etí gbogbo páìpù tí ó gba inú rẹ̀ kọjá. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Ní ilé àtijọ́, kí a fi sìmẹ́ǹtì dí ibi tí ilẹ̀ bá ti sán. Ṣùgbọ́n bí ìwọ̀n bá ga, dídí nìkan kò tó. Páìpù tí ó ní fáànù ni a ó fi fa afẹ́fẹ́ náà láti abẹ́ ilẹ̀ lọ sí òkè òrùlé.

Ẹ̀yin ìjòyè, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ kù sí. Ní Yunifásítì Ìbàdàn ni ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ wà tí ń ṣe ìwádìí lórí ààbò kúrò lọ́wọ́ ìtànṣán. Ẹ kọ̀wé sí wọn. Ẹ béèrè pé kí a wọn ilé ẹ̀kọ́ àti ààfin ìlú yín, kí ẹ sì bẹ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ yín kí ọ̀rá abẹ́ jámánì flọ́ọ̀ di òfin ní ilẹ̀ olókùúta. Owó ọ̀rá kò tó nǹkan lójú owó ilé, a kò sì lè tẹ́ ẹ mọ́ lẹ́yìn tí ilé bá ti dúró tán. Àwọn tí ń kọ́lé lọ́wọ́ ní ọdún yìí ni kí a tètè bá sọ̀rọ̀.