Kọ̀ǹpútà Tí Ń Kólòlò: Ẹ Má Tíì Náwó

Lẹ́tà tí mo fẹ́ dáhùn lọ́sẹ̀ yìí wá láti ọwọ́ ìyá kan tí ń ta aṣọ. Ó ní eré gèémù tí ọmọ òun ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà kò lọ geere mọ́. Bí ó bá sáré díẹ̀, á dúró gbagidi, á tún fò síwájú. Wọ́n ti sọ fún ọmọ náà pé àfi kí ó ra káàdì àwòrán tuntun, owó tí wọ́n sì pè fún un tó èyí tí ìyá fi ń ra ọjà oṣù kan. Ìyá wá bi mí bóyá kí òun san án.

Ìyá mi, ẹ má tíì san án. N kò sọ pé káàdì kì í bàjẹ́ o, ṣùgbọ́n a kì í fún aláìsàn lóògùn nígbà tí a kò tíì mọ ohun tí ń ṣe é. Ohun tí ẹ óò sì fi mọ̀ ọ́n kò ní ná yín ní kọ́bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé àìsàn náà. Ohun tí a ń rí nínú gèémù kò rìn rárá. Àwòrán ni kọ̀ǹpútà ń yà lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó ń gbé wọn síwájú wa kíákíá, tí ojú fi rò pé nǹkan náà ń rìn, bí ti sinimá. Bí ó bá ya 60 àwòrán ní ìṣẹ́jú àáyá 1, a jẹ́ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà á ní nǹkan bí ìdá 16.7 nínú ìdá 1,000 ìṣẹ́jú àáyá. Bí ó bá ya 30, ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà á ní ìdá 33.3.

Ibi tí ẹ̀tàn wà nìyí. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bá mi ṣe ìṣirò kan. Ká ní 50 àwòrán gba ìdá 12 lọ́kọ̀ọ̀kan, 600 nìyẹn. Ká ní 10 tí ó kù gba ìdá 40 lọ́kọ̀ọ̀kan, 400 nìyẹn. Ẹ rò wọ́n pọ̀, ó di 1,000 gééré. Nọ́ńbà tí ń bẹ ní igun ojú kọ̀ǹpútà yóò máa wí pé 60 ni, kò sì purọ́, ṣùgbọ́n ojú ọmọ yín ti rí 10 tí ó pẹ́ dé. Ẹ wo onílù: bí ó bá lu ìlù ní ìgbà 60, ṣùgbọ́n tí ó da 20 pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí ó sì dákẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ta ni yóò jó o?

Ní ọdún 2011, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Scott Wasson kọ̀wé lórí ọ̀ràn yìí ní The Tech Report ní Amẹ́ríkà, pé kí a má máa ka iye àwòrán nìkan, kí a máa wọn àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń yẹ káàdì wò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ yín náà lè wọ̀n ọ́n. Ilé-iṣẹ́ Intel ní PresentMon, ọ̀fẹ́ ni. Bí ìlà rẹ̀ bá tẹ́jú bí omi inú àwo, kò sí ewu. Ibi tí ó bá ti ta sókè ṣóńṣó, ibẹ̀ ni ó ti kólòlò.

Ìdánwò tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù nìyí. Kí ọmọ yín dín ìwọ̀n àwòrán eré náà kù, láti 1920 × 1080 sí 1280 × 720. Káàdì àwòrán ni ó ń ru ẹrù yẹn. Bí ìkólòlò bá dẹwọ́, ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan káàdì lè jẹ́ òtítọ́. Bí kò bá yí padà rárá, ẹ mú ojú kúrò lára káàdì. Bí ẹ ra tuntun, ó ṣeé ṣe kí ó máa ṣe bákan náà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ bi í léèrè ìgbà tí ó ń ṣẹlẹ̀.

Bí eré bá dára ní ìbẹ̀rẹ̀, tí ó wá bàjẹ́ lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 20, ẹ fura sí ooru. Kọ̀ǹpútà tí ó gbóná jù a máa dín agbára ara rẹ̀ kù kí ó má bàa jóná. Eruku ọyẹ́ a sì máa dí fáànù pa. Ẹ pa á, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n nù ún. Ẹ má ṣe gbé èyí tí ó jẹ́ alágbèéká lé orí bẹ́ẹ̀dì, ẹ sì rántí pé bí bátìrì nìkan ni ó ń lò, agbára rẹ̀ a dín kù.

Bí ó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí nǹkan bá yọ nìkan ni ó ń dúró, tí ìgbà kejì sì lọ geere, ẹ̀rọ ń túmọ̀ ìlànà tí ó fi ń ya nǹkan náà ni, èyí tí wọ́n ń pè ní shader. Bí eré bá ní òun ń pèsè shader ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ọmọ yín ní sùúrù kí ó parí.

Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí ó bá wọ àdúgbò tuntun nínú eré ni, ó lè jẹ́ díìsìkì àtijọ́ tí ń yí ni kò tètè kó nǹkan wá. SSD yára jù ú lọ.

Ẹ̀yin oníṣòwò yóò mọ èyí: bí ìsọ̀ bá kún, tí ẹrù yòókù wà nílé, oníbàárà yóò dúró kí a tó lọ gbé e dé. Bẹ́ẹ̀ ni káàdì tí àyè inú rẹ̀ kún. Kí ọmọ yín dín ohun tí eré ń pè ní texture kù. Kí ó sì tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, kí ó wo ohun mìíràn tí ń jẹ agbára ẹ̀rọ lábẹ́lẹ̀.

Bí ẹ̀rọ kò bá lè dúró sí 60, tí ó ń bọ́ sí 43, tí ó tún ń gòkè sí 55, ẹ dè é mọ́ 30. Ojú kọ̀ǹpútà tí ó wọ́pọ̀ ń sọ ara rẹ̀ dọ̀tun ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá 1. Àwòrán kọ̀ọ̀kan yóò dúró fún ìgbà 2 gééré. Iye rẹ̀ dín kù, ṣùgbọ́n ìrìn rẹ̀ gún.

Nígbà mìíràn, eré fúnra rẹ̀ ni ó ní àbùkù. Elden Ring jáde ní oṣù kejì ọdún 2022, ó sì kólòlò lórí kọ̀ǹpútà àwọn tí káàdì wọn wọ́n gógó. The Callisto Protocol ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún kan náà, tí àwọn tí ó ṣe é fi yára fi àtúnṣe ránṣẹ́. Kò sí káàdì tí í wo irú àìsàn bẹ́ẹ̀ sàn.

Nítorí náà, ìyá mi, kí ọmọ yín mú ìwé kékeré kan, kí ó yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan, kí ó kọ àbájáde rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kan òmíràn. Bí ó bá dán gbogbo rẹ̀ wò tán, tí ìwé náà sì tọ́ka sí káàdì, ẹ rà á tayọ̀tayọ̀. Bí kò bá tọ́ka sí i, ẹ fi owó yín ra aṣọ tí ẹ óò tà. Ẹ kò sì gbọdọ̀ kánjú, nítorí bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba.

Ó dọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.