Ọyẹ́ ni òtútù tiwa: ọ̀rọ̀ fún ẹni tó ń kan bàálù ní àgbàlá

Ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan wà tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn kan bàálù kékeré, èyí tí kò ní òrùlé rárá, tí orí ẹni tó ń wà á ń yọ síta bí orí ọlọ́kadà. Tí òtútù bá dé, wọ́n á wọ aṣọ mẹ́ta léra, wọ́n á wé ọrùn, wọ́n á sì fò. Ọ̀rẹ́ mi kan ní irú ìyẹn ò kàn wá, pé àwa ò ní òtútù. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ọyẹ́ ńkọ́? Èrò tèmi ni pé fún bàálù kékeré, ọyẹ́ lè burú ju òtútù Òyìnbó lọ, kò sì sẹ́ni tó ń sọ ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n ń fi irin àlòkù kan bàálù, tí a sì ń pàtẹ́wọ́ fún.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àlá lásán ni. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 1925, bàálù ogun Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta, oríṣi DH.9A, tí wọ́n gbéra láti Íjíbítì, balẹ̀ sí Kano. Arthur Coningham ló ṣaájú wọn. Bàálù wọ̀nyẹn ò ní òrùlé. Inú afẹ́fẹ́ gbangba ni wọ́n jókòó sí la aṣálẹ̀ já. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Carpenter ń fi bàálù kékeré de Havilland Moth rìn láàárín Kano àti Èkó. Ojú irin rélùwéè ló ń wò nílẹ̀ tó ń tẹ̀ lé. Ẹ fi ojú irin yẹn sọ́kàn, a máa padà sí i.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ òtútù. Nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ, bí èèyàn bá ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń tutù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 10°C fún kìlómítà kan. Tí ilẹ̀ Ifẹ̀ bá wà ní 28°C lọ́sàn-án ọyẹ́, tí èèyàn sì gòkè tó mítà 1,500, ó lè bá 13°C pàdé lókè. Ẹ wá fi atẹ́gùn kìlómítà 100 ní wákàtí kan kún un. Ní Jos, tí òwúrọ̀ ọyẹ́ lè já sí 10°C lórí ilẹ̀ gan-an, irú atẹ́gùn bẹ́ẹ̀ yóò mú kí awọ ara máa gbà á bíi 4°C. Èyí ò ní pa èèyàn, ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ á kú tipiri, ìka yìí kan náà ló sì ń di ọ̀pá ìdarí mú. Gílóòfù àti jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn á yanjú ìyẹn, òrí á yanjú ti ètè. Òtútù kọ́ ni ẹjọ́ mi.

Ọyẹ́ tilẹ̀ ní oore tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó tutù máa ń ki ju èyí tó gbóná lọ. Bí a bá fi òwúrọ̀ 16°C wé ọ̀sán 33°C, afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ fi nǹkan bí 6 nínú 100 ki jù, ìyẹ́ á sì rí nǹkan gùn, ẹ́ńjìnnì náà á rí afẹ́fẹ́ mí. Nǹkan míì tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni ti kábúrétọ̀. Bí epo bẹntiróòlù ṣe ń di èéfín nínú rẹ̀ ló ń fa ooru mọ́ra, gẹ́gẹ́ bí spirit tí nọ́ọ̀sì fi nu apá wa kó tó gún wa lábẹ́rẹ́ ṣe máa ń tutù. Inú kábúrétọ̀ lè fi ohun tó ju 20°C lọ tutù ju ìta lọ. Tí ọ̀rinrin bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, yìnyín á dì síbẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì kú lókè, kódà nígbà tí ìta ṣì wà ní 25°C. Ìyẹn ni pé oṣù Keje wa, tí òjò ń rọ̀ tí gbogbo nǹkan tutù rinrin, léwu fún kábúrétọ̀ ju oṣù Kìíní lọ. Ọyẹ́ gbẹ, kì í sábà rí omi tó máa fi di yìnyín.

Eruku ni ìṣòro. Ibi tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá ni Bodélé, àfonífojì ńlá kan ní orílẹ̀-èdè Chad, níbi tí adágún omi ti gbẹ tipẹ́tipẹ́ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ di lẹ́búlẹ́bú. Atẹ́gùn àríwá ìlà-oòrùn á gbé e, á gbé e, títí á fi dé orí tábìlì wa ní Ifẹ̀. Ó ń wọ ẹ́ńjìnnì, ó ń ha inú rẹ̀, sẹ́ẹ̀tì asẹ́ tí èèyàn ì bá lò pẹ́ á dí kíá. Ṣùgbọ́n ojú ló ń ṣe lọ́ṣẹ́ jù.

Ẹ wò ó báyìí. Ẹni tó wà ní mítà 600 lókè, tó wo ìsàlẹ̀ tààrà, eruku mítà 600 péré ló wà láàárín òun àti ilẹ̀. Ó ń rí òrùlé páànù, ó ń rí ọjà, ó ń rí ewúrẹ́ pàápàá. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Àmọ́ pápá tó fẹ́ balẹ̀ sí wà ní kìlómítà 6 níwájú, eruku kìlómítà 6 ló sì ní láti fi ojú là já. Kò ní rí nǹkan kan. Ìdí nìyí tí Carpenter fi ń tẹ̀ lé ojú irin: ohun tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an ló lè rí. Ìlànà àgbáyé sọ pé ní gbogbogbòò, ẹni tó ń fi ojú fò gbọ́dọ̀ lè ríran tó kìlómítà 5. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwọn ọjọ́ kan wà nínú ọyẹ́ tí ẹ ò lè rí òkè tí ẹ ń rí lójoojúmọ́.

Èyí tó tún burú ni pé ibi tí ojú ọ̀run ti pàdé ilẹ̀ á pòórá. Òkè funfun, ìsàlẹ̀ funfun. Etí wa níbi tí omi ìwọ̀ntúnwọ̀nsì wà á bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́; bàálù á ti dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ara á ní ó dúró ṣánṣán. Ní 1954, àwọn olùwádìí ní University of Illinois mú awakọ̀ òfurufú 20 tí wọn ò kọ́ bí a ṣe ń fi ohun èlò nìkan fò, wọ́n sì dí wọn lójú kí wọ́n má baà rí ìta. Gbogbo wọn pátá ló ṣi bàálù darí. Ìpíndọ́gba àkókò tó gbà wọ́n jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 178. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ò pé o!

Nígbà tí ìròyìn bá gbé ọ̀dọ́ kan jáde pé ó kan bàálù, ìbéèrè wa máa ń jẹ́, "Ṣé ó fò?" Ní 2007, Mubarak Muhammad Abdullahi, akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ní Bayero University Kano, kan hẹlikópítà tó ní ẹ́ńjìnnì Honda Civic, ìròyìn sì sọ pé ó gbéra tó mítà 2. Mo kí i. Làákàyè ò wọ́n wa. Iléeṣẹ́ AIEP ní Kaduna náà ti fi ìlànà bàálù àfọwọ́ṣe RV-6A ti Amẹ́ríkà to Air Beetle, nǹkan bí 60, fún àwọn ọmọ ogun òfurufú. Ní Kpong, ní Ghana, àwọn ọ̀dọ́bìnrin ló to CH701 nígbà kan, Patricia Mawuli sì wà lára wọn. Ṣùgbọ́n Kaduna àti Kpong ní ohun tí àgbàlá bàbá ẹni ò ní: ẹni tó máa yẹ iṣẹ́ ẹni wò, tó máa sọ pé, "Má fò lónìí."

Àwọn kan á ní ebi ń pa wá, bàálù wo lẹ ń sọ? Mi ò bá wọn jiyàn lórí ebi. Àwọn ọmọ yìí ò béèrè owó lọ́wọ́ wa, wọ́n ti ń kàn án lọ́nàkọnà. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ EAA wà láti 1953, àwọn àgbà níbẹ̀ á máa wá wo iṣẹ́ ọmọ tuntun lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹni tó kàn án sábà máa ń fò ó fún wákàtí 25 tàbí 40 níbi tí èèyàn ò pọ̀ sí, kó tó gbé ẹlòmíì. Ohun tí mo fẹ́ kí NCAA ṣe fún wa nìyẹn, kí wọ́n sì fi ọ̀kan kún un: kí wákàtí yẹn pín sí àkókò òjò àti àkókò ọyẹ́. Bàálù tó yege ní oṣù Kẹsàn-án nìkan kò tíì bá oṣù Kìíní pàdé.

Ìmọ̀ tó máa ràn wọ́n lọ́wọ́ ò sì jìnnà. Ní 2004, àwọn onímọ̀ físíìsì OAU ṣe ìwádìí NIMEX lórí afẹ́fẹ́ tó sún mọ́ ilẹ̀ níbí ní Ifẹ̀, ní 2016 DACCIWA wá wọn ti àsìkò òjò. Ẹ̀yin tí ẹ ń kan bàálù ní Ọ̀ṣun, ní Ọ̀yọ́, níbi yòówù, ẹ wá kan ilẹ̀kùn ẹ̀ka físíìsì wa kí oṣù Kọkànlá tó dé. Ẹ mú àwòrán iṣẹ́ yín dání, kí ẹ sì bi wọ́n bí ojú ṣe máa ń ríran jìnnà tó ní aago méje òwúrọ̀ ọjọ́ ọyẹ́.