Orin Irin Ní Èdè Ìyá Wọn: Àwo Mẹ́ta Fún Etí Òbí Àti Ọmọ

Nínú gbogbo orin tí àwọn ọmọ ń gbọ́ lórí fóònù, a kò tíì rí èyí tó ń já òbí láyà tó orin metal. Gìtá á máa bú bíi tírélà tó ń gun òkè, ìlù á máa sáré, ẹni tó ń kọrin á máa ké bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Ọmọ á jókòó sí kọ̀rọ̀ nínú aṣọ dúdú, á máa mi orí. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí àwọn òbí máa ń bi wá ni pé, "Ṣé kì í ṣe orin Sàtánì nìyẹn?" (Àwọn míì á ní orin Èṣù. Èṣù kọ́ ni Sàtánì, ṣùgbọ́n ọjọ́ mìíràn la ó sọ ìyẹn.) Ìbéèrè kejì ni pé, "Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń sọ?"

Ìbéèrè kejì yẹn ló wù wá jù, nítorí iṣẹ́ èdè là ń ṣe. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, àwo mẹ́ta kan ti jáde tí àwọn tó ṣe wọ́n kò fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan kọrin. Èdè ilé wọn ni wọ́n gbé síwájú. Ọ̀kan nínú wọn kò jìnnà sí wa rárá, Lomé ni wọ́n ti ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ibi tí ariwo náà ti wá. Ìlú Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ọmọ ọdún 17 ni Tony Iommi nígbà tí ẹ̀rọ gé orí ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ irin. Ọlọ́wọ́ òsì ni, nítorí náà ọwọ́ ọ̀tún yẹn ló fi ń tẹ okùn gìtá. Ó yọ́ ike ìgò ọṣẹ, ó fi ṣe fìlà sí orí ìka tó gé. Nígbà tó yá, ó tún dẹ okùn gìtá rẹ̀ kí ó má baà máa ni ìka náà lára. Ẹni tó bá ti rí onígángan rí mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn: bí a bá fún ọṣán, ohùn á lọ sókè, bí a bá dẹ ẹ́, ohùn á lọ sílẹ̀, á sì wúwo. Ohùn wíwúwo yẹn ni gbogbo ẹgbẹ́ metal ṣì ń lé kiri títí di òní. Ẹgbẹ́ Iommi, Black Sabbath, gbé àwo àkọ́kọ́ wọn jáde ní February 13, 1970. Ozzy Osbourne tó máa ń kọrin fún wọn kú ní July 22, 2025. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n jọ ṣeré ìdágbére ní Birmingham nígbà náà.

Ní ti ẹ̀rù tó ń ba òbí, a kò ní bu ẹnikẹ́ni tó ń bẹ̀rù. Ní Norway, ní 1992, wọ́n dáná sun ṣọ́ọ̀ṣì onígi àtayébáyé tó wà ní Fantoft, àwọn ọ̀dọ́ tó sì wà nínú irú orin metal kan ni ọ̀rọ̀ sísun ṣọ́ọ̀ṣì lásìkò yẹn ṣẹ́ mọ́ lórí. Àwọn àwo kan wà tí àwa náà kò ní gbé wọ ilé tí ọmọ wà. Ṣùgbọ́n kò yẹ ká tìtorí ìyẹn da gbogbo rẹ̀ nù, bí a kò ṣe lè tìtorí orin jùjú kan tó ń sọ ìsọkúsọ da gbogbo jùjú nù.

Ẹ jẹ́ ká wá dé Lomé. Ní 2010 ni Rock Ahavi dá ẹgbẹ́ Arka'n Asrafokor sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ewe ni *asrafo*, jagunjagun sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Àwo wọn àkọ́kọ́ ni Zã Keli tó jáde ní 2019, òru àti ìmọ́lẹ̀ ni orúkọ yẹn ń sọ. Èyí tó mú wa sọ̀rọ̀ ni Dzikkuh, tó jáde ní January 5, 2024. Wọ́n kọrin ní Ewe, ní Faransé àti ní Gẹ̀ẹ́sì, ìlù ìbílẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gìtá oníná, wọn kò tì í sẹ́yìn bí ẹni tó wá ya fọ́tò lásán.

Orúkọ àwo náà nìkan tó jókòó tì. *Dziku* ni ìbínú lédè Ewe. *Dzi* inú rẹ̀ ni ọkàn. Nínú ọkàn ni Ewe fi ìbínú sí, àwa sì fi tiwa sí inú ikùn: inú bí mi, inú mi ń ru, ó bí mi nínú. Bí ẹ bá ní ará ilé tàbí alábàágbé tó ń sọ Ewe, ẹ bi í ibi tí ó máa ń mọ̀ ọ́n lára. Kì í ṣe ìbínú òfo ló wà nínú àwo náà o. Orin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n pè ní Angry God of Earth, ohun tí ọmọ ènìyàn ń fi ojú ilẹ̀ ayé rí ló dá lé. Ìyá àgbà tó bá ń bá ọmọ wí pé kó má da ilẹ̀ rú yóò lóye rẹ̀ kí wọ́n tó túmọ̀ rẹ̀ tán.

A tún gbọ́dọ̀ rántí pé Ewe kì í ṣe àlejò sí wa. Ìtàn àtẹnudẹ́nu tiwọn sọ pé Kétu ni àwọn baba ńlá wọn gbà kọjá kí wọ́n tó dé Notsé. Èdè tiwọn náà sì jẹ́ èdè olóhùn bíi tiwa, ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ ló ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ sí èkejì. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ wa. Gbogbo ẹni tó dàgbà nínú ṣọ́ọ̀ṣì mọ ohun tí orin ìsìn àtijọ́ fojú èdè Yorùbá rí: wọ́n mú ohùn orin wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ki ọ̀rọ̀ wa bọ̀ ọ́ bí ẹsẹ̀ nínú bàtà tí kò bá a mu, ọkọ̀ di ọkọ́, ọkọ́ di ọkọ. Ìjọ á sì máa fi tọkàntọkàn kọ ohun tí kò nítumọ̀.

Orin metal ń bọ́ nínú pàkúté yẹn lọ́nà kan tí ẹnikẹ́ni kò pète. Nígbà tí olórin bá ń bú, kò sí òkè, kò sí ìsàlẹ̀, ohùn ti di ariwo kan ṣoṣo. Ẹ ó ní ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ní etí ẹnìkejì, ohùn kò sí níbẹ̀ náà, a sì ń gbọ́ ara wa yé, nítorí pé ọ̀rọ̀ tó wà níwájú àti èyí tó wà lẹ́yìn ń ran etí lọ́wọ́. Nígbà tí Arka'n Asrafokor bá sì fi bíbú sílẹ̀, tí ohùn púpọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbè, ohùn èdè á padà sí àyè rẹ̀. Ó dá wa lójú pé ọ̀nà yìí sàn ju ti ìwé orin ìsìn lọ. Ẹ má bínú sí wa, ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin.

Ọ̀nà jìn sí New Zealand, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni àwo kejì ti wá. Ẹgbẹ́ Alien Weaponry ni wọ́n, àwọn ọmọ ìyá méjì, Henry àti Lewis de Jong, ló dá a sílẹ̀ ní 2010. Ọmọ ọdún 10 ni Henry, ọmọ ọdún 8 ni Lewis. Ilé ìwé tí wọ́n ti ń fi èdè Māori kọ́ ọmọ ni wọ́n lọ ní kékeré, orin ìbílẹ̀ àti haka sì jẹ́ ara ohun tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n wá mú gìtá àti ìlù, èdè náà ti wà lẹ́nu wọn, kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń rò pé ọmọ yín á kọ́ Yorùbá tó bá dàgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà.

Orin wọn kan tó gba ìlú kan ni Rū Ana te Whenua. Ogun Gate Pā ti ọdún 1864 ló ń sọ, níbi tí àwọn Māori ti lé ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì padà. Te Ahoaho, baba ńlá àwọn ọmọ yìí, jà níbẹ̀, ibẹ̀ ló sì kú sí. Ọ̀rọ̀ *whenua* tó wà nínú orúkọ orin yẹn ni ilẹ̀. Òun kan náà ni wọ́n ń pe ibi ọmọ, èyí tí wọ́n máa ń sin sínú ilẹ̀ ìdílé. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ mọ ibi tí wọ́n sin ibi yín sí kò nílò kí a ṣàlàyé síwájú.

Àwo wọn tuntun, Te Rā, jáde ní March 28, 2025. Oòrùn ni orúkọ yẹn. Ẹ ṣàkíyèsí àmì orí *rā*: fífà ni Māori fi ń fà á, kì í ṣe ohùn òkè. Lédè wọn, *keke* ni àkàrà òyìnbó, *kēkē* ni abíyá. Ẹni tó bá ń fojú tín-ín-rín àmì orí ọ̀rọ̀ lè lọ máa gé abíyá lọ́jọ́ ìbí ọmọ rẹ̀.

Orin tí a tún gbọ́ jù nínú rẹ̀ ni Mau Moko. Moko ni ilà tí àwọn Māori ń kọ sí ojú àti ara. Àwọn òyìnbó fi í ṣẹ̀sín títí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílẹ̀, ní báyìí àwọn ọ̀dọ́ ń padà kọ ọ́, bí ìgbà tí ènìyàn bá gbé ìwé ìdílé rẹ̀ sójú. A ronú nípa pélé, àbàjà àti gọ̀ǹbọ́ nígbà tí à ń gbọ́ ọ. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 kọ̀ ọ́ ní Nàìjíríà pé kí a fi ilà sí ara ọmọ, a sì fara mọ́ ọn, nítorí pé ọmọ ọwọ́ kò lè sọ bóun fẹ́ tàbí òun kò fẹ́. Ṣùgbọ́n òfin yẹn kò ní kí a má sọ ìtàn ilà tó wà lójú bàbá àgbà fún ọmọ. Mélòó nínú àwọn ọmọ wa ló mọ orúkọ ilà tó wà nínú fọ́tò ara ògiri?

Àwo kẹta kò ní pẹ́ lẹ́nu wa. Nu Delhi ni, ti ẹgbẹ́ Bloodywood láti Íńdíà, ó fi ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú Te Rā. Karan Katiyar tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ fi iṣẹ́ lọ́yà sílẹ̀ nítorí orin (a mọ̀ pé àwọn bàbá kan ti ń mí kanlẹ̀ báyìí). Wọ́n fi ìlù dhol pẹ̀lú gìtá, wọ́n ń kọrin ní Hindi, Punjabi àti Gẹ̀ẹ́sì. Orin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Tadka, oúnjẹ nìkan ló dá lé látòkèdélẹ̀. Ìyẹn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ fún ọmọ kékeré.

Ẹ ó wá bi wá léèrè pé, Yorùbá ńkọ́? Ìṣẹ̀lẹ̀ gìtá wíwúwo kò ṣàjèjì l'Ékòó. Ní 1973, nígbà tí Black Sabbath ń gbòde lókè òkun, BLO gbé Chapter One jáde níbí. Ṣùgbọ́n ohun tó ń wù wá gbọ́ dàgbà ju gìtá lọ. Ògún ló ni irin, àwọn ọdẹ rẹ̀ ló sì ni ìjálá. Ẹ gbọ́ Ògúndáre Fọ́nyánmu nígbà tó bá ń sun ìjálá: ó ń fipá ti ohùn jáde láti ọ̀fun, kò kọrin, kò sì sọ̀rọ̀ lásán, síbẹ̀ ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ pé pérépéré, ọ̀rọ̀ kankan kò sọnù. Ọmọ tó bá fẹ́ ṣe metal ní Yorùbá kò nílò láti lọ kọ́ bíbú ní Birmingham. Kó lọ jókòó ti ọdẹ àgbà, kó gbé gìtá rẹ̀ dání.

Ọ̀rọ̀ etí kù. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní kí ohùn tí ọmọdé ń gbọ́ má kọjá dẹ̀síbẹ̀lì 75 fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Ọ̀pọ̀ fóònù lè ka ìyẹn fún yín, ẹ wá a nínú ètò ohùn, kí ẹ fi òpin sí i. Ó sàn kí ẹ yọ ohun tó wà létí ọmọ, kí gbogbo ilé jọ gbọ́ orin kan pọ̀, kí òun náà sì túmọ̀ rẹ̀ fún yín.

A tún ní iṣẹ́ kékeré kan fún yín. A ń wá orúkọ Yorùbá fún bíbú tí àwọn olórin metal ń bú yìí. *Kíkùn* jọ ti ajá, *bíbú ramúramù* jọ ti kìnnìún. Ẹnì kan ní ọ́fíìsì wa ní kí a pè é ní *ohùn ikùn*, ṣùgbọ́n ìyẹn jọ ti ẹni tí ebi ń pa. Bí ilé yín bá ní ọ̀rọ̀ tó dára jù, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa, kí ẹ má gbàgbé àmì ohùn.