Bí Tráfíkétọ̀ Yín Bá Ń Ṣẹ́jú Kíákíá, Ẹ Fetí Sí I

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ó sì kan ẹni tí ó ní ọkọ̀ àti ẹni tí ó ń sanwó wọ̀ ọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí ó jẹ́ tíṣà. Ẹ̀pẹ́ ni ilé rẹ̀ wà, Ìkòròdú ni ó ti ń kọ́ni. Ìyàwó rẹ̀ a máa ra ẹja ní ọjà Olúwo, òun a sì fi ọkọ̀ tòkunbọ̀ rẹ̀ gbé e lọ fún àwọn oníbàárà wọn lójú ọ̀nà. Lọ́jọ́ kan ó rí ọkọ̀ aládùúgbò rẹ̀ tí tráfíkétọ̀ rẹ̀ ń kọ yànràn bí mànàmáná. Wọ́n ní gílóòbù LED ni, pé kì í tètè jó, kì í sì í jẹ iná bátìrì. Òun náà ra mẹ́rin, ó ní kí rìwáyà bá òun fi wọ́n sí i. Bí wọ́n ti tẹ tráfíkétọ̀ báyìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú kíákíá bí ẹni tí iyanrìn kó sí lójú. Rìwáyà ní kò sí wàhálà. Ó mú rẹ̀sísítọ̀ mẹ́rin jáde, ó so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ wáyà gílóòbù, iná náà sì padà sí ìwọ̀n rẹ̀. Tíṣà sanwó, ó dúpẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ.

Oṣù mẹ́ta kò tíì pé tí ó fi ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òun àti ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n ẹja lẹ́yìn ọkọ̀. Ní Ìmọ̀tà ó fẹ́ yà sí ọwọ́ òsì. Ó tẹ tráfíkétọ̀. Ọfà àwọ̀ ewé iwájú rẹ̀ ń ṣẹ́jú, ó sì ń gbọ́ ọ tí ó ń dún kọ́-kọ́-kọ́. Bí ó ti ń yà ni ọkọ̀ akẹ́rù kan tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn, tí ó fẹ́ kọjá lára rẹ̀, gbá ilẹ̀kùn rẹ̀. Ilẹ̀kùn tẹ̀ wọlé, ẹja dà sí títì. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, ẹnikẹ́ni kò kú.

Awakọ̀ akẹ́rù bọ́ sílẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ ò tẹ tráfíkétọ̀!" Tíṣà ní, "Mo tẹ̀ ẹ́! Etí mi ni mo fi gbọ́ ọ!" Ẹ̀yin ènìyàn mi, àwọn méjèèjì ni kò purọ́. Gílóòbù ẹ̀yìn ní ọwọ́ òsì ti kú, rẹ̀sísítọ̀ kò sì jẹ́ kí ọkọ̀ mọ̀ pé ó kú.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ó ti rí. Gílóòbù àtijọ́ tí ó ní okùn irin tín-ín-rín nínú ń jẹ iná wọ́ọ̀tì 21. Bí bátìrì bá jẹ́ fóòtì 12, èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ámpíà 2. Gílóòbù LED kì í jẹ tó ìdá mẹ́rin ìyẹn. Ohun kékeré tí ó ń dún kọ́-kọ́ nínú ọkọ̀, tí a ń pè ní fláṣà, ni ó ń tan iná tí ó sì ń pa á. Nínú ọkọ̀ àtijọ́, irin pẹlẹbẹ ni ó wà nínú rẹ̀: iná á mú un gbóná, á tẹ̀, á gé iná, bí ó bá tutù á tún padà. Bí iná tí ó ń gba inú rẹ̀ kọjá bá kéré, kò ní gbóná, kò sì ní ṣẹ́jú dáadáa. Fláṣà ti ọkọ̀ tí ó jù ú lọ ń wọn iná tí ó ń kọjá ni. Bí ó bá rí i pé ó kéré, á ní gílóòbù kan ti kú, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kí awakọ̀ lè mọ̀. Nítorí náà, ìsáré yẹn kì í ṣe àrùn. Iṣẹ́ ni wọ́n fi rán an. Ẹni tí ó lu ajá tí ń gbó pa kò tíì lé olè.

Kí ni rẹ̀sísítọ̀ ń ṣe nígbà náà? Ó ń jẹ iná lásán ni, kí fláṣà lè rò pé gílóòbù àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jẹ́ óòmù 6, tí ó lè gba wọ́ọ̀tì 50. Ní fóòtì 12, ó ń jẹ ámpíà 2, èyí tí í ṣe wọ́ọ̀tì 24. Ẹ rí i pé èrè tí a ní LED fẹ́ mú wá ti bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo iná tí ó jẹ yìí ni ó ń sọ di ooru, ó sì lè jó ni lọ́wọ́. Nínú ọkọ̀ tíṣà, wọ́n fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn iná tí ó jẹ́ rọ́bà. Rọ́bà náà ti yọ́.

Àwọn àgbà láàárín wa yóò rántí pé tráfíkétọ̀ àkọ́kọ́ kì í ṣẹ́jú. Apá kékeré kan ni, tí ó máa ń yọ láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn Morris Minor. Apá náà ti lọ, orúkọ rẹ̀ ni ó kù lẹ́nu wa. Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 tí Nàìjíríà ti ń wakọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, yíyà sí òsì ni ó ń gbé wa gba iwájú ẹni tí ó fẹ́ kọjá lára wa. Ibẹ̀ gan-an ni tráfíkétọ̀ ti lè gba ẹ̀mí là.

Ìmọ̀ràn mi nìyí. Bí gílóòbù àtijọ́ yín bá ń ṣiṣẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ LED dandan, ẹ béèrè lọ́wọ́ rìwáyà bóyá fláṣà ọkọ̀ yín dá dúró. Bí ó bá dá dúró, kí ó fi fláṣà tí wọ́n ṣe fún LED rọ́pò rẹ̀, kí ó sì wo ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó bá ti àtijọ́ mu. Ẹ kò ní nílò rẹ̀sísítọ̀ kankan. Bí ó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà, rẹ̀sísítọ̀ ni yóò kù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi bóòtù dè é mọ́ ara irin, kí ó jìnnà sí rọ́bà àti wáyà. Ẹ ra LED aláwọ̀ ọsàn fún iná aláwọ̀ ọsàn. Kí ẹ sì dúró lẹ́yìn ọkọ̀ ní ọ̀sán gangan, kí ẹ wò ó bóyá ó hàn.

Ó ku ọ̀kan, òun ni ó sì ṣe pàtàkì jù. Yálà rẹ̀sísítọ̀ ni ẹ lò tàbí fláṣà LED, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í kìlọ̀ mọ́ bí gílóòbù bá kú. Nítorí náà, ní àárọ̀ kí ẹ tó jáde, ẹ tẹ bọ́tìnì tí ń tan tráfíkétọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, kí ẹ sì rìn yí ọkọ̀ ká lẹ́ẹ̀kan. Kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ má ṣe é nítorí ìbẹ̀rù àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó. Ẹ ṣe é nítorí ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn, tí kò lè gbọ́ kọ́-kọ́-kọ́ tí ẹ̀yin ń gbọ́.

Tíṣà ọ̀rẹ́ mi ti dá gílóòbù àtijọ́ rẹ̀ padà. Láràárọ̀ ni ó ń yí ọkọ̀ rẹ̀ ká báyìí, ìyàwó rẹ̀ a sì máa dúró lẹ́yìn, a máa ka iná fún un: "Ọ̀tún ń ṣẹ́jú. Òsì náà ń ṣẹ́jú. Ó yá, Bàbá Ṣadé, ẹ jẹ́ ká lọ."

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.